Oníṣòwò Mùsùlùmí Nínú Òṣèlú: Ta Ni Yóò Di Òṣùwọ̀n Mú?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tó ti fi òtítọ́ ṣòwò kí ó tó di Òjíṣẹ́, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ níbi ìpàdé wa ọjọ́ Àìkú, a kò sì rí i yanjú títí tí wọ́n fi pe ìrun Àìlà. Arákùnrin wa kan tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ló béèrè rẹ̀. Ó ní àwọn olóṣèlú kan wá bá òun ní ìsọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ẹ̀sìn, ìdílé àti ìwà ọmọlúàbí dúró ní ìlú, pé àwọn kò fẹ́ kí ọtí àti tẹ́tẹ́ gba ìgboro, pé àwọn sì ń wá àwọn oníṣòwò tó mọ Ọlọ́hun láti fi owó àti ọgbọ́n orí wọn ran àwọn lọ́wọ́. Arákùnrin náà wá ní: "Ẹ̀yin ará, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó ti sìmẹ́ńtì mi?"

Ìdáhùn pín sí méjì. Àwọn kan ní òṣèlú dọ̀tí, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní í jáde láìní àbààwọ́n. Àwọn kan ní bí àwọn ẹni rere bá fà sẹ́yìn, àwọn ẹni burúkú ni yóò máa ṣe òfin lé wa lórí. Bí wọ́n ti ń fà á lọ, tí wọ́n ń fà á bọ̀, ni arábìnrin kan tó ń ta aṣọ bá nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá débẹ̀, tí ìjọba ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ kọ́ ilé-ìwé, sìmẹ́ńtì ta ni wọn yóò rà?" Gbogbo wa dákẹ́.

Ìbéèrè arábìnrin yẹn ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ arákùnrin kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di oníṣòwò tàbí oníléeṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò wá pe àwa náà sí òṣèlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọ́nsáfátíìfù, èyíinì ni òṣèlú àwọn tó ní kí á má fi ẹ̀sìn àti àṣà rere tí a bá láyé tàfàlà. Ó dára kí á ti mọ ohun tí a ó sọ kí ọjọ́ náà tó dé.

IBI TÍ WỌ́N TI DÁN AN WÒ

Bí a bá ti dárúkọ Mùsùlùmí oníṣòwò nínú òṣèlú ní ilẹ̀ Yorùbá, Olóògbé Moshood Abíọ́lá ló ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Oníṣòwò ńlá ni, Baba Àdínì ilẹ̀ Yorùbá sì ni. Ó wọ ẹgbẹ́ NPN, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ti àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, ará ìlú dìbò fún un, àwọn ológun sì fagi lé ìbò náà. Ó kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ó dé orí àga, ìtàn rẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè arábìnrin wa. Ibi tí a nílò láti wò ni ibi tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ti wọ òṣèlú lọ́pọ̀ yanturu, tí ojú wọn rí màbo, tí wọ́n dé orí àga, tí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ Túrkì nìyẹn.

Ní ọdún 1924 ni ìjọba Túrkì pa ipò hàlífà rẹ́. Láti ọdún 1932 títí di 1950, wọn kò gbà kí wọ́n fi èdè Lárúbáwá pe ìrun ní ilẹ̀ náà. Àwọn tó di ìjọba mú gbà pé ìlú kò lè lọ síwájú àyàfi bí ẹ̀sìn bá lọ sẹ́yìn. Nídìí ọrọ̀ ajé, àwọn ìdílé ọlọ́rọ̀ díẹ̀ ní Istanbul ló súnmọ́ ìjọba jù, àwọn ni wọ́n sì ń rí ìwé àṣẹ àti owó báńkì gbà. Àwọn ọlọ́rọ̀ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1971, wọ́n pè é ní TÜSİAD. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Konya, ní Kayseri, ní Gaziantep, àwọn tó ń kírun, tí àwọn ìyàwó wọn ń bo orí, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò wọ́n.

Ẹni tó sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn di òṣèlú ni Necmettin Erbakan. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó kàwé ní Jámánì, ó sì wà nídìí ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní ọdún 1956. Ní ọdún 1969 àwọn oníṣòwò kéékèèké dìbò yàn án láti ṣe olórí àpapọ̀ ilé ìgbìmọ̀ ìṣòwò ilẹ̀ Túrkì, ṣùgbọ́n ìjọba yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Lọ́dún náà gan-an, àwọn ará Konya dìbò fún un lọ sí ilé aṣòfin. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1970, wọ́n tì í pa ní 1971. Ó tún dá òmíràn sílẹ̀ ní 1972; nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1980, wọ́n ti ìyẹn náà pa. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá kan ẹgbẹ́ Refah ní 1983.

Ní ọdún 1990 àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò kan dá ẹgbẹ́ MÜSİAD sílẹ̀ ní Istanbul. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ àti oníṣòwò tó dá dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Mùsùlùmí ni "MÜ" tó ṣíwájú orúkọ náà dúró fún. Kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ti tó nǹkan bíi 3,000. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń kó ọjà lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ń tẹ ìwé jáde tó ń sọ irú ẹni tó yẹ kí Mùsùlùmí jẹ́ nídìí òwò.

Ní 1994 Refah gba ìjọba ìlú Istanbul àti Ankara. Nínú ìdìbò gbogbogbòò oṣù kejìlá 1995, òun ló gba ìbò jù lọ, Erbakan sì di olórí ìjọba ní 1996. Kò lò tó ọdún kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1997 àwọn ọ̀gá ológun gbé ìwé àṣẹ lé e lọ́wọ́, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Àwọn ológun kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní owó wọn jẹ́ owó àwọn ẹlẹ́sìn, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọn má ra ọjà níbẹ̀. Wọ́n gbé olórí MÜSİAD lọ sí kóòtù. Wọ́n lé àwọn arábìnrin tó bo orí kúrò ní yunifásítì. Ní 1998 wọ́n ti Refah náà pa.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ara wa sí ipò wọn. Ẹni tó ń san owó orí, tó gba ènìyàn síṣẹ́, tí kò jí, tí kò purọ́, tí ìjọba wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà rẹ̀ nítorí pé ó ń kírun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yege ìdánwò, tí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì nítorí ìborùn: ṣé a ó sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òṣèlú dọ̀tí, kí ó jókòó sílé? Rárá o. Ó tọ́ kí wọ́n pe àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn, ó sì tọ́ kí wọ́n jẹ́ ìpè náà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ AKP sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àwọn ọmọ MÜSİAD wà nínú àwọn olùdásílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002 ẹgbẹ́ náà wọlé.

A kò gbọdọ̀ fi ohun rere tí wọ́n ṣe pamọ́, nítorí ẹlẹ́rìí tó fi apá kan pamọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí òdodo. Owó ilẹ̀ náà tí kò níye lórí mọ́, wọ́n yọ òdo mẹ́fà kúrò lára rẹ̀ ní 2005, ó sì dúró fún ọdún díẹ̀. Láàárín 2002 sí 2013, bí a bá fi dọ́là ṣírò rẹ̀, ohun tó ń wọlé ní ilẹ̀ náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn ìlú bíi Kayseri àti Gaziantep ń kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Arábìnrin tó bo orí padà sí yunifásítì, láti 2013 ó sì lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọba. Ohun tí àwọn ènìyàn jìyà lé lórí nìyẹn, ọwọ́ wọn sì tẹ̀ ẹ́.

NÍBO NI OMI GBÀ WỌ INÚ ÀGBỌN?

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà fún wa ni ohun tó tún ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni n óò mú.

Èkíní ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gba ìjọba rárá. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kan dìde ní Konya àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Túrkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì àti ní ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn. Wọ́n ní àwọn kò bá èlé dá nǹkan pọ̀, pé èrè àti àdánù ni a ó jọ pín. Ní mọ́sáláṣí ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó yìí, ọ̀pọ̀ sì ni kò gba ìwé ẹ̀rí gidi kan lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ta òógùn nílẹ̀ àjòjì kó owó ogbó rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni kò rí owó náà gbà padà. Kí ló fà á tí wọn kò fi béèrè ìwé ìṣirò? Nítorí pé ẹni tó wá gba owó jọ wà lórí sàfù kan náà pẹ̀lú wọn ni. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ìrun rẹ̀ ló gba ipò ìwé ìṣirò rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba. Ní 2002, kí AKP tó wọlé, ilẹ̀ Túrkì ti ṣe òfin kan pé gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó bá ń fẹ́ iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ díje ní gbangba. Lẹ́yìn tí AKP dé, wọ́n yí òfin náà padà ní àìmọye ìgbà, wọ́n sì yọ oríṣiríṣi iṣẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó súnmọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà, ilé àti pápákọ̀ òfurufú wá ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2013, àwọn ọlọ́pàá mú àwọn ọmọ mínísítà mẹ́ta àti àwọn oníṣòwò kan lórí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá owó dọ́là nínú páálí bàtà ní ilé ọ̀gá báńkì ìjọba kan. Ìjọba ní ọ̀tá ló dìtẹ̀ mọ́ òun. Wọ́n gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń wádìí rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́ parí. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ parí, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tó pe ara rẹ̀ ní ti olódodo ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ wà lábẹ́ èyí náà. Ní 2018, kí ìdìbò tó wáyé, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tó bá ti kọ́ ilé láìtẹ̀lé ìlànà lè san owó, kí ilé náà sì di èyí tí òfin gbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, ilẹ̀ mì ní gúúsù Túrkì. Ènìyàn tó lé ní 53,000 ló kú ní ilẹ̀ náà. Ìmìtìtì ilẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ilé tí wọ́n san owó lé lórí nìkan ló wó. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ń gba owó lórí ilé tí kò tọ́ ti gbàgbé pé òun ló yẹ kó di òṣùwọ̀n mú. Arákùnrin wa tó ń ta sìmẹ́ńtì yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí àwọn ará Gásà láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn olórí Túrkì sọ̀rọ̀ líle, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọjà láti Túrkì lọ sí Ísírẹ́lì kò dúró. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ náà ló jáde síta tí wọ́n ń béèrè ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ọmọ Erbakan ń ṣe olórí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024. Nínú ìdìbò náà, AKP ṣe ipò kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ni ìjọba tó fi òté lé ọjà oríṣi 54, ó sì di ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó kéde pé àwọn dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ó lé ní oṣù mẹ́fà. Bí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà bá wà nídìí ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yá ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ, nítorí pé owó ẹnì kan wà nínú gbogbo ọkọ̀.

Kí ló fa gbogbo èyí? Àwọn kan yóò ní èèyàn burúkú ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìyà tó jẹ wọ́n ló tàn wọ́n jẹ. Ẹni tí wọ́n ti lẹ̀kùn mọ́ sẹ́yìn fún àádọ́rin ọdún, nígbà tó bá wọlé, a rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ilé tọ́ sí òun. Nígbà tí ìjọba ń fún àwọn ọlọ́rọ̀ Istanbul níṣẹ́ nítorí pé wọ́n jọ ń ṣe, ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n pè é. Nígbà tó di tiwọn, wọ́n ní ẹ̀san ìyà ni. Ẹ ṣí Sùúrátùl Mutaffifíìn. Ọlọ́hun bínú níbẹ̀ sí àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n kíkún bó bá jẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń dín in kù bó bá di ti ẹlòmíràn. A ti rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọn gàrí àti ìrẹsì lọ́jà nìkan ni. Ó kan ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú. Ẹni tó béèrè ẹ̀tọ́ kíkún nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, tí kò wọn ẹ̀tọ́ kíkún fún ẹlòmíràn nígbà tí òṣùwọ̀n bọ́ sí i lọ́wọ́, ara àwọn tí Sùúrà yẹn ń bá wí ni.

ÀWỌN ẸNI ÌṢAÁJÚ ŃKỌ́?

Kì í ṣe pé Ìsìláàmù kórìíra kí oníṣòwò wà nídìí ọ̀rọ̀ ìlú. Oníṣòwò ni ìyá wa Khadijah. Ọrọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìpè Ànábì ní àwọn ọdún tó le jù. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà sì kọ̀ láti bá wọn rà àti láti bá wọn tà fún bí ọdún mẹ́ta, ó bá wọn jẹ nínú ìyà náà. Abubakar, oníṣòwò aṣọ ni. Ó fi owó rẹ̀ ra ẹrú tí wọ́n ń fìyà jẹ, ó sì dá wọn sílẹ̀, Bilal sì wà nínú wọn. Úsìmánù ra kànga Rúmà, ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ wo ohun tí àwọn wọ̀nyí fi jọ ara wọn: ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kó wá síbi ọ̀rọ̀ ìlú, kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti wá kó o.

Nígbà tí wọ́n fi Abubakar jẹ hàlífà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé aṣọ lé èjìká, ó forí lé ọjà. Umar àti Abu Ubaydah pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní kí ni òun yóò fi bọ́ àwọn ará ilé òun bí òun kò bá lọ sọ́jà? Wọ́n dá a padà, wọ́n sì yan oúnjẹ òòjọ́ fún un láti inú àpò Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí á ronú lórí èyí. Abubakar ni ẹni tí a lè fọkàn tán jù lọ lẹ́yìn Ànábì. Síbẹ̀ wọn kò sọ pé, "Olódodo ni, ẹ jẹ́ kí ó máa tajà lọ." Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wá ra aṣọ lọ́wọ́ hàlífà kì í ṣe aṣọ nìkan ló wá rà.

Umar náà ní ìtàn tirẹ̀, Imam Malik sì kọ ọ́ sínú Muwatta'. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ìráàkì. Gómìnà ibẹ̀ fún wọn ní owó ìjọba tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Mẹ̀dínà, ó ní kí wọ́n fi ra ọjà, kí wọ́n tà á, kí wọ́n dá ojú owó padà, kí wọ́n sì mú èrè. Nígbà tí Umar gbọ́, ìbéèrè kan ló bi wọ́n: ṣé gbogbo ọmọ ogun ni gómìnà yá lówó báyìí? Wọ́n ní rárá. Ó ní nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ òun ni. Kò jẹ́ kí wọ́n mú gbogbo èrè náà; ìdajì rẹ̀ padà sí àpò ìlú. Wọn kò jalè, wọn kò jẹ gbèsè, ojú owó pé pérépéré. Àǹfààní tí ẹlòmíràn kò rí ni Umar kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí Ànábì rán lọ gba sákà, tó padà dé tó pín ẹrù rẹ̀ sí méjì, tó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fún mi lọ́rẹ. Ànábì bínú, ó bèèrè pé bó bá jókòó sí ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò wá bá a? Ìbéèrè yẹn ni òṣùwọ̀n wa. Bí kì í bá ṣe ipò yìí, ṣé iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ yìí, ìwé àṣẹ yìí ì bá tọ̀ mí wá?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá ní kí oníṣòwò fi òwò sílẹ̀ kí ó tó wọ òṣèlú, àwọn tí kò ní nǹkankan nìkan ni yóò kù, ebi yóò sì mú kí wọ́n jalè. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan oúnjẹ òòjọ́ fún Abubakar. Ìlú tí kò bá fẹ́ kí olórí rẹ̀ máa tajà gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un dáadáa, kí ó sì ṣọ́ ọ. Wọn yóò tún ní àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n bù fún un ni yóò jẹ, kì í ṣe èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ bù.

ÌDÁHÙN FÚN ARÁKÙNRIN WA

Nítorí náà, èsì mi fún arákùnrin wa ni pé kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó mú ohun mẹ́ta lọ.

Ìkínní, kí ó yan ọ̀kan. Bí ipò tó fẹ́ bá jẹ́ èyí tí yóò ti máa fọwọ́ sí iṣẹ́ ìkọ́lé, ìsọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta ẹyọ àpò sìmẹ́ńtì kan fún ìjọba, ìbáà jẹ́ lórúkọ ìyàwó rẹ̀ tàbí ti àbúrò rẹ̀. Bí kò bá lè fara da àdánù yẹn, kí ó jókòó ti òwò rẹ̀, kí ó máa san sákà, kí ó máa bá àwọn olórí sọ òtítọ́ láti ìta. Ìyẹn náà jẹ́ ìlọ́wọ́sí nínú ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ̀san rẹ̀ kò sì kéré lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìkejì, kí ó kọ ohun tó ní sílẹ̀ ní ọjọ́ tó wọlé, kí ó sì kà á fún wa ní gbangba. Ní ọjọ́ tó bá jáde, kí ó tún kà á. Kí ó má bínú bí a bá béèrè. Ẹni tó bá sọ pé, "Ẹ mọ̀ mí, a jọ ń kírun," nígbà tí a béèrè ìwé ìṣirò, ti sọ ìrun rẹ̀ di aṣọ ìbora.

Ìkẹta, kí ó máa wọn ẹ̀tọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ara wa. Bí oníṣòwò tí kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí tí kò dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní ọjà tó dára jù, tí owó rẹ̀ sì dínkù, òun ni kí ó gba iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ìyẹn bá nira fún un ni kí ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ àti ìdílé nìkan ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀sìn mọ́.

Àwa náà tí a kò lọ ní iṣẹ́ tiwa. Ní ibi ìfilọ́lẹ̀ àti ìkówójọ wa, ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù ni a ń gbé àga iwájú fún, tí a ń fi joyè bàbá ẹgbẹ́, tí àwọn àáfáà ń ṣe àdúà gígùn fún. Ìgbà mélòó ni a ti béèrè ibi tí owó náà ti wá? Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Bí a bá fi owó pe oníṣòwò síbi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, owó ni yóò rò pé òun wá ṣe. Òtítọ́ rẹ̀ nídìí òwò ni kí á fi pè é, kí á sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ó máa bi í léèrè, nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí owó ìlú di iná sí i lọ́rùn lọ́jọ́ ìṣirò.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọ̀kan nínú yín ló béèrè ìbéèrè tí àwa ọkùnrin kò ronú kàn. Ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ yín, lọ́wọ́ bàbá yín, lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín bí ẹ bá di oníléeṣẹ́: sìmẹ́ńtì ta ni wọn yóò rà?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní owó halálì, kí Ó fi àlùbáríkà sí i. Kí Ó má fi ìyà tó jẹ wá sọ wá di aláìṣòdodo. Kí Ó fún ìlú wa ní olórí tó mọ̀ pé òun náà yóò dúró níwájú Ẹni tó ni òṣùwọ̀n. Àmín. Wàsàlámù àlékúmù wàràmọ́tùlọ́hì wàbàràkátùhù.